Kọfí Gidi Kí Bàálù Tó Gbéra: Láti Ìkẹjà, Gba Addis, Dé Heathrow

Ọmọbìnrin náà kí mi dáadáa. "Ẹ káàárọ̀ sà, kí ni kí n fún yín?" Mo ní cappuccino ni, kọfí tí wọ́n ń da mílíìkì oníìfófó lé. Ẹ̀rọ kọfí ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń dán yinrin, òun gan-an ló fà mí wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ ọ̀hún, ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà, ó fa sáṣẹ́ẹ̀tì kọfí kan yọ, ó fa ti mílíìkì yọ, ó ya ẹnu méjèèjì, ó dà wọ́n sínú ife, ó bu omi gbígbóná lé e, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ rò ó. "Cappuccino yín rèé sà." Mo ní ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ti bàjẹ́ tipẹ́, sà. Wọ́n ní ká má gbé e kúrò, ó ń bu ẹwà kún ibẹ̀."

Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, mi ò sì ní dárúkọ pápákọ̀ òfurufú tó wà. Àmọ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé ojú àti etí lèèyàn fi ń wá kọfí tó dáa níbi tí bàálù ti ń gbéra, kí ọ̀rọ̀ tó kan ahọ́n rárá. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi mọ̀ jù ni mo máa fi ṣàlàyé: ẹni tó wọ bàálù ní Ìkẹjà, tó gba Addis Ababa kọjá, tó ń lọ sí London tàbí Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gba ibẹ̀. Ẹni tó bá gba ibòmíràn náà á rí ohun tó máa mú lò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ṣírò aago kí ẹ tó ṣírò owó

Èròjà inú kọfí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, ìyẹn kaféènì, kì í tètè kúrò lára. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ó máa ń gbà tó nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ara ẹlòmíràn yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹlòmíràn falẹ̀. Tí ẹ bá mu ún ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára yín ní aago méjì òru, nígbà tí wọ́n ti pa iná inú bàálù, tí ẹni tó jókòó tì yín ti ń hanrun, tí ẹ̀yin ń ka àjà.

Nítorí náà, ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín. Tó bá jẹ́ bàálù òwúrọ̀, ẹ mu tó bá ṣe wù yín. Tó bá jẹ́ ti alẹ́ tí ẹ fẹ́ sùn nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí èyí tí ẹ máa mu kẹ́yìn jẹ́ ti ọ̀sán, kí ẹ fi ti pápákọ̀ òfurufú pamọ́ di ìgbà tí ẹ bá balẹ̀ lówùúrọ̀. Àwọn tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ ní 2015 pé àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá lè mu kaféènì tó 400 mílígíráàmù lójúmọ́, kó má ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé kí aláboyún má kọjá 200 lójúmọ́. Espresso kékeré kan, ìyẹn kọfí kíkì díẹ̀ tí ẹ̀rọ ń fi agbára tẹ̀ jáde, máa ń ní nǹkan bíi 60 sí 80. Ẹni tí dókítà bá sì ti bá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rọ̀ dókítà ni kó tẹ̀lé, kó fi tèmi sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ síta: kọfí ń lé èèyàn lọ sí tọ́lẹ́ẹ̀tì. Tí bàálù bá ti ń lọ lórí ilẹ̀ láti gbéra, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kí ẹ dìde. Ẹ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sáàárín ife tó tán àti ìgbà tí ẹ máa wọlé, kí ẹ lè yà síbẹ̀. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ máa mu kọfí, ẹ mú ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tó yẹ kó wà nínú báàgì

Ife onídèérí tàbí fúláàsì kékeré, òfìfo. Lẹ́yìn tí wọ́n tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ bàálù lójú òfurufú láti London ní oṣù kẹjọ 2006 ni òfin 100 mílílítà dé. Àwọn pápákọ̀ òfurufú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n sì ti ń gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e. Fúláàsì tó ní kọfí nínú, wọ́n á ní kí ẹ dà á nù. Èyí tó ṣófo, kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè.

Ohun kejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní drip bag. Àpò pélébé ni, kọfí lílọ̀ tó bíi gíráàmù 10 sí 12 wà nínú rẹ̀, ó ní etí méjì tí ẹ máa fi kọ́ ẹnu ife, ara rẹ̀ sì ni asẹ́. Ẹ rọ méjì tàbí mẹ́ta sínú àpò ẹ̀wù, wọn ò wúwo ju ìwé lọ. Lẹ́búlẹ́bú ni, kì í ṣe olómi, òfin 100 mílílítà ò kàn án. Ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ni kó ṣọ́ra tó bá fẹ́ gbé páálí ńlá: láti oṣù kẹfà 2018, ohun lílọ̀ tó bá ju 350 mílílítà lọ nínú ẹrù ọwọ́ lè fa àyẹ̀wò mìíràn, wọ́n sì lè gbà á. Inú àpótí ńlá ni kí ẹ kó irú ìyẹn sí.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrà díẹ̀ níbí. Àwọn kan máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé oko òyìnbó nìkan ni kọfí ti ń hù. Àwọn ará Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ní agbègbè Kabba àti Ìjùmú, mọ igi kọfí bí ẹni mọ igi kòkó. Irú tí wọ́n ń pè ní robusta ló pọ̀ jù níbẹ̀: ó le lẹ́nu, kaféènì inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti arabica, irú kọfí kejì. Arabica fẹ́ òkè àti òtútù, ìdí nìyẹn tí tiwa fi wà lórí òkè Mambilla ní Taraba. Ilé ìwádìí kòkó tó wà n'Ìbàdàn, CRIN, kọfí wà lára iṣẹ́ wọn pẹ̀lú obì, kajú àti tíì. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń yan ti Mambilla tàbí ti Kabba tó sì ń lọ̀ ọ́ fún tità, ẹ ra tirẹ̀ dání.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ní Ìkẹjà, ẹ parí wàhálà kí ẹ tó jókòó

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ ń lọ. Bàálù abẹ́lé lè gbéra ní MM2, tí wọ́n ṣí ní 2007, tàbí ní tẹ́mínà àtijọ́ tó wà nítòsí rẹ̀. Ti òkè òkun ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: èyí tó ti wà láti 1979, àti tuntun tí wọ́n ṣí ní 2022. Mo ti rí ẹni tó jókòó pẹ̀sẹ̀, tó ń mu kọfí ní èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àṣà wa ni kí gbogbo ẹbí sin èèyàn débẹ̀. Màmá á gbàdúrà, àbúrò á ya fọ́tò, ẹnì kan á sì ní "ẹ jẹ́ ká mu nǹkan kí ẹ tó wọlé." Ẹ bá wọn mu omi tàbí mínírà. Ẹ fi kọfí sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ti já ẹrù sílẹ̀, tí wọ́n ti tẹ páásípọ́ọ̀tù, tí ẹ ti kọjá ibi àyẹ̀wò. Kọfí tí èèyàn ń mu tó ń wo aago, tó ń wo ìlà àwọn imígíréṣọ̀n, kò lè dùn, bó ti wù kí ẹni tó sè é mọ̀ ọ́n ṣe tó. Tí ẹ bá dé ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, ó máa ń ku wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ yín lẹ́yìn gbogbo ìyẹn. Wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn wọ bàálù láàárín ìṣẹ́jú 45 sí 60 kó tó gbéra.

Ẹ mu ún tán níbẹ̀. Ní géètì àwọn bàálù kan, pàápàá èyí tó ń lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n tún máa ń tú báàgì wò lẹ́ẹ̀kejì, ohunkóhun tó bá jẹ́ olómi ló ń kú síbẹ̀.

Ìṣòro tó kù ní Ìkẹjà, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń dá a sílẹ̀. Nílé wa, tíì ni Bournvita, tíì ni Milo, tíì ni Lipton. Kọfí gan-an, tí mílíìkì bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, tíì ni. Àwa tí a dàgbà sídìí mai ṣáì, tó ń gbé ife kan sókè tó ń dà á sínú òmíràn nísàlẹ̀ títí ìfófó á fi bò ó, a mọ̀ pé ohun gbígbóná ni èèyàn ń béèrè, èyí tó bá wà ni wọ́n á fún un. Torí náà, ẹ má kàn ní "ẹ fún mi ní kọfí." Ẹ béèrè pẹ̀lẹ́tù: "Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, ṣé èyí tí ẹ ń lọ̀ níbí ni, àbí ti sáṣẹ́ẹ̀tì?" Àwọn ọmọ tó ń tajà kì í sábà purọ́. Àwa ni a kì í bi wọ́n. Èmi náà, ká ní mo béèrè lọ́jọ́ yẹn ni, owó mi ì bá wà lápò.

Ohun kan tún kù. Ẹ̀rọ espresso máa ń fẹ́ bíi ìṣẹ́jú 15 sí 30 kó tó gbóná dénú. Tí iná bá ṣẹ́jú tí jẹnẹrétọ̀ gbà á, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ẹ má jẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì ṣáájú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ

Ṣọ́ọ̀bù náà là ń wò ká tó dárúkọ ohun tí a fẹ́ mu. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ ṣe bí ẹni tó ń wo owó lára pátákó. Níbí ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí. Ẹ̀rọ tó ń lọ kọfí máa ń ké, bí ẹ̀rọ ìlọta ṣe ń ké lọ́jà, àmọ́ tirẹ̀ kúrú. Tó bá ń ké kí wọ́n tó ṣe ife kọ̀ọ̀kan, ó dáa. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n bá ti lọ kọfí ni òórùn rẹ̀ ti ń sá lọ. Ibi tí ẹ ò bá ti gbọ́ igbe kankan, tí ẹni tó ń ṣe é kàn ń bu lẹ́búlẹ́bú láti inú agolo, kọfí àná ni ẹ máa mu.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo àwo tí hóró kọfí wà lórí ẹ̀rọ ìlọ̀ náà. Hóró tó dúdú bí èédú, tí òróró ń sun lára rẹ̀, wọ́n ti yan án kọjá ààlà. Kíkorò nìkan ló máa kù lẹ́nu, mílíìkì ló sì lè gbà á sílẹ̀. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá dà bíi ti obì gbígbẹ, tí ara rẹ̀ ò rin, ẹ fara balẹ̀, nǹkan lè wà níbẹ̀.

Ẹ wá wo ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é. Ó máa bu kọfí lílọ̀ bíi gíráàmù 18 sí 20 sínú ìdìmú ẹ̀rọ, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, á gbé e kọ́ ẹ̀rọ, á sì tẹ bọ́tìnnì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà lọ́kàn: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Kọfí tó dáa kì í tètè yọjú. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan á kọjá, ìkán àkọ́kọ́ á hàn, á sì máa ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ bí oyin tí wọ́n ń da láti inú ìgò, tí àwọ̀ rẹ̀ ń tinú dúdú bọ́ sí pupa rúsúrúsú. Tí ẹ bá ka 25 sí 30 kó tó dáwọ́ dúró, ọwọ́ onítọ̀hún mọ́. Tó bá rọ́ jáde ní 10 bí omi ẹ̀rọ, á kan, á sì ṣàn. Tó bá ń kán tó tó tó títí ẹ fi kọjá 40, á korò dé ọ̀fun.

Mílíìkì náà ní ohùn tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti ẹnu irin tó ń tú oru gbígbóná jáde bọ inú jọ́ọ̀gì, ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ "ṣìì" díẹ̀, bí ìgbà tí omi bá kán sórí ìkòkò gbígbóná, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀, mílíìkì á máa yí po nínú jọ́ọ̀gì láìpariwo. Tó bá ń han gooro títí, wọ́n ń jó o ni. Láàárín 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni mílíìkì ti ń dùn jù. Bó bá ti kọjá 70, adùn rẹ̀ á lọ, òórùn bí ẹyin sísè á sì dé. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ń fi aṣọ nu irin náà lẹ́yìn ife kọ̀ọ̀kan. Tí mílíìkì àná bá ti gbẹ mọ́ ọn lára bí ẹ̀fun, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá mílíìkì tó ṣẹ́kù ni wọ́n tún ń gbé kaná.

Ti kọfí tó wà nínú jọ́ọ̀gì gíláàsì lórí iná, ìbéèrè kan ṣoṣo ni: "Ìgbà wo lẹ sè é?" Tó bá ti lé ní ìdajì wákàtí lórí iná, ó ti ń korò.

Èrò ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tò sí iwájú rẹ̀ dáa ju èyí tó dá páro lọ, torí hóró ibẹ̀ ń yí, ẹ̀rọ rẹ̀ sì gbóná. Ogún èèyàn ni kò dáa, nígbà tí wọ́n ti ń pe orúkọ bàálù yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ béèrè ohun tí ọwọ́ wọn ká

Tí ohun tí ẹ rí bá tẹ́ yín lọ́rùn pátápátá, ẹ gba espresso tàbí flat white, ìyẹn espresso tí wọ́n da mílíìkì gbígbóná tí ìfófó rẹ̀ kò pọ̀ lé. Àwọn méjèèjì kò ní ibi tí àṣìṣe lè fara pamọ́ sí. Tí ọwọ́ ẹni náà bá wà ní àárín méjì, cappuccino kékeré ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n kàn ń tẹ bọ́tìnnì tó sì ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má kẹ́gàn rẹ̀, ó sàn ju sáṣẹ́ẹ̀tì lọ. Ẹ tẹ èyí tó kéré jù, kí ẹ wá bu omi gbígbóná lé e. Bọ́tìnnì tó tóbi jù kàn máa ń jẹ́ kí omi púpọ̀ gba inú kọfí kan náà kọjá ni, ìkorò ìgbẹ̀yìn ni ẹ ń fi owó kún.

Ife ńlá, mi ò rí ìwúlò rẹ̀. Nígbà púpọ̀, kọfí inú rẹ̀ kò ju ti àárín lọ, mílíìkì ni wọ́n fi kún un, ẹ ó sì máa gbé e kiri bí ẹni gbé àtùpà.

Ẹ tọ́ ọ wò kí ṣúgà tó wọ̀ ọ́. Tó bá ti jóná, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láìbínú: "Ẹ má bínú, ó korò jù, ẹ bá mi tún un ṣe." Ọ̀pọ̀ ló máa tún un ṣe tí ẹ kò bá gbé ohùn sókè.

Tí kò bá wá sí nǹkan kan ju sáṣẹ́ẹ̀tì lọ, drip bag yín dé. Ẹ ra búrẹ́dì tàbí míìtì páì lọ́wọ́ wọn, kí ẹ wá tọrọ omi gbígbóná sínú ife yín. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú omi náà ṣan ife kó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ dà á nù. Ẹ ya ẹnu àpò náà, ẹ na etí rẹ̀ méjèèjì kọ́ ẹnu ife. Ẹ ta omi díẹ̀ sí i, kó kàn rin kọfí náà. Ẹ máa rí i tó ń wú bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà wọ̀. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ wá máa dà á díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, títí omi á fi tó 180 mílílítà. Kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí omi náà gbóná gan-an ni o! Èyí tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́ máa fún yín ní omi kíkan tó ní àwọ̀. Tí ẹ kò bá sì ní drip bag, ẹ mu Lipton. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Addis: kọfí tó dáa jù, ní aago tó burú jù

Bàálù ọ̀sán láti Ìkẹjà máa ń gbé yín dé Bole, pápákọ̀ òfurufú Addis, lálẹ́. Bíi wákàtí márùn-ún ni lójú òfurufú, aago wọn sì fi wákàtí méjì ṣáájú tiwa. Ilẹ̀ Etiópíà ni arabica ti wá, ọ̀rọ̀ kọfí ibẹ̀ kì í ṣe ohun àlejò. Buna ni wọ́n ń pè é.

Nínú tẹ́mínà, ẹ wá ibi tí obìnrin aláṣọ funfun jókòó sí lórí àpótí kékeré, tí koríko tútù wà nílẹ̀, tí tùràrí ń rú. Níwájú rẹ̀ ni jebena máa wà, ìkòkò amọ̀ dúdú, bí orù kékeré tó ní ìdìmú, ọrùn rẹ̀ gùn. Ó máa gbé e sókè, á yí i díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì jẹ́ kí kọfí náà bọ́ láti òkè sínú ife pẹ́lẹ́ńjẹ́ tí kò ní ìdìmú, okùn dúdú kan ṣoṣo, láìta sílẹ̀. Sini ni wọ́n ń pe ife náà. Gúgúrú ni wọ́n sábà máa ń gbé tì í. Bẹ́ẹ̀ ni, gúgúrú tiwa yìí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo wá ẹ̀pà títí.

Nílé wọn, ìpele mẹ́ta ni: abol ló le jù, tona tẹ̀lé e, baraka ló kẹ́yìn, omi ni wọ́n tún ń fi kún gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ kan náà tó wà nínú jebena. Ẹni tó ní bàálù òru níwájú, abol kan péré tó fún un. Ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ kí gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ má sì mu ún dé ìdí. Ẹ má béèrè mílíìkì lọ́wọ́ onijebena. Tí mílíìkì bá wù yín, ẹ lọ sí ibi tí ẹ̀rọ espresso wà, kí ẹ ní macchiato, espresso tí wọ́n fi mílíìkì díẹ̀ kún, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Ẹ mú dọ́là kéékèèké dání. Ẹni tó bá na dọ́là 100 fún ife kan á gba ṣéńjì tó máa sú u.

Kí ẹ sì mọ̀ pé tí ẹ bá rọ ọ́ sínú fúláàsì, ẹ tún máa gba ibi àyẹ̀wò kọjá kí ẹ tó wọ bàálù kejì.

Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá gba Miami, ohun tí ará ibẹ̀ ń mu ni kó mu. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Kúbà tó wà nínú pápákọ̀ òfurufú náà, wọ́n ń fi ìkán àkọ́kọ́ lu ṣúgà títí á fi ṣe ìfófó, wọ́n á wá da ìyókù lé e. Tí ẹ bá ní colada, ife kan ni wọ́n máa gbé fún yín pẹ̀lú àwọn ife kéékèèké bí ìdérí ìgò, kí ẹ pín in fún àwọn tó tẹ̀ lé yín. Ẹ má dá a mu.

Heathrow

Níbí, kọfí pọ̀ ju àyè tí ẹ ní lọ. Caffè Nero, Costa, Pret, Starbucks, wọn ò ṣọ̀wọ́n. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí tó dáa jù, torí ọwọ́ ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ń pinnu, ẹ lo ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹ ní flat white, ẹ ní kó kéré. Ohun tó ń dààmú èèyàn ni géètì: wọn kì í tètè fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn. Ní Terminal 5, géètì B àti C ní ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń gbé èèyàn lọ, ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ kéré níye. Tí nọ́ńbà yín bá ti jáde, ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ ra a lọ́hùn-ún. Ìlà ibẹ̀ máa ń kúrú, ẹ ó sì máa wo géètì yín lójú kòròkòrò bí ẹ ti ń mu ún.

Nínú bàálù

Wọ́n máa ń ní afẹ́fẹ́ òkè ló ń ba kọfí inú bàálù jẹ́, pé omi kì í gbóná tó. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ inú bàálù dà bíi ti orí òkè, omi á ti hó ní nǹkan bíi 92 sí 94 dípò 100. Àmọ́ Addis fúnra rẹ̀ ga tó 2,300 mítà, bíi 92 ni omi ti ń hó níbẹ̀, a sì ti rí irú kọfí tí wọ́n ń sè. Ohun tó ń ba ti bàálù jẹ́ ni omi inú táǹkì, kọfí tí wọ́n lọ̀ sílẹ̀ tipẹ́, jọ́ọ̀gì tó dúró pẹ́, àti imú tiyín: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ bí ti ọyẹ́, imú tó gbẹ kì í gbóòórùn dáadáa. Ẹ mu omi níbẹ̀. Mi ò gba èèyàn níyànjú láti máa kọ́ drip bag sẹ́nu ife lójú òfurufú, torí bàálù lè ta gìrì nígbàkígbà, itan ni omi gbígbóná ń bọ́ sí.

Tí ẹ bá ń padà bọ̀ wálé gba Addis, ẹ ra hóró kọfí. Èyí tó wá láti agbègbè Yirgacheffe máa ń ta sánsán, ó ní ìkan díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ti agbègbè Harar wúwo lẹ́nu jù ú lọ. Ẹ yẹ ẹ̀yìn páálí wò fún ọjọ́ tí wọ́n yan án, kí ẹ mú èyí tó sún mọ́ jù. Ẹ rí i dájú pé hóró ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lọ̀. Tí kò bá wá sí ẹ̀rọ ìlọ̀ nílé, ọlọ́ta àdúgbò kọ́ o! Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, obìnrin náà bá mi fọ ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dà á sí i, síbẹ̀ ata rodo ni mo fi ọ̀sẹ̀ kan mu ní kọfí. Blẹ́ńdà kékeré tí wọ́n fi ń lọ ohun gbígbẹ ni kí ẹ lò, ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa fi í sílẹ̀, kó má bàa gbóná.